Táyà Mẹ́rin Tó Dọ́gba

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín ara mi. Èmi Mùíz, bàbá Ṣàkírát, tí mo ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ ní Ìgbó-Ọrà, tí orí mi ti pá, èmi ni mo lọ ra ọkọ̀ ìsáré pupa, irú tó ní ilẹ̀kùn méjì péré, tó sún mọ́lẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Obìnrin ló fà á. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí tipẹ́. Sàrátù, olùkọ́ kan ní Ayétẹ̀ tí ọkọ tirẹ̀ náà ti kú, ní kí n wá gbé òun lọ́jọ́ Sátidé, ká jọ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìdèrè. Ó ní lójú ọ̀nà lòun yóò ti fún mi lésì, bóyá òun á fẹ́ mi tàbí òun ò ní fẹ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi sáré lọ ra ọkọ̀ náà.

Táyà ọkọ̀ ọ̀hún ti jẹ tán, ó ń dán bí orí mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bámiṣẹ́ tó ń ta táyà ládùúgbò wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka nọ́ńbà ara wọn, ó ní, "Háà! Bàbá Ṣàkírát, 225 ló wà níwájú, 255 ló wà lẹ́yìn. Tẹ̀yìn fẹ̀ ju tiwájú lọ."

"Kí ló fa ìyẹn?"

"Bóyá apá ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ni ò ká ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Inú bí mi. Kẹ́hìndé ni mí o. Ìyá mi ò ra bàtà fún Táíwò kó má ra irú rẹ̀ fún mi rí. Bí ẹnì kan nínú wa bá ṣẹ̀, àwa méjèèjì ló máa nà. Bí a ṣe ń ṣe nílùú wa nìyẹn. Kí wá ni ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n fún àwọn kan ní ńlá, tí wọ́n fún àwọn yòókù ní kékeré?

"Bámiṣẹ́, ìrẹ́jẹ rèé!"

"Ìrẹ́jẹ pọ́nbélé," ni Bámiṣẹ́ wí. Ìbejì lòun náà, Táíwò ilé tiwọn.

"Fi ńlá sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin!"

Ṣàkírát ọmọ mi, tó bá mi lọ, ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Bàbá, wọ́n kọ ọ́ sí etí ilẹ̀kùn níbí o, pé ti iwájú àti ti ẹ̀yìn yàtọ̀ síra."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ilẹ̀kùn ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìbejì?"

Nígbà tí Sátidé pé, mo mú ọ̀nà Ayétẹ̀ pọ̀n. Bí mo bá ti yí síárìn, nǹkan á máa ha níwájú, ràì, ràì. Mo yí rédíò sókè. Mo gbé Sàrátù, a kọrí sí Ìdèrè.

"Bàbá Ṣàkírát, kí ló ń dún yẹn?"

"Bí ọkọ̀ ìsáré ṣe ń dún nìyẹn."

"Nǹkan ń jóná."

"Àwọn tó ń sun igbó ni."

Bí a ṣe dé kọ́nà tó ṣáájú Ìdèrè, táyà iwájú bẹ́, gbàù! Ọkọ̀ ya wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ọlọ́run yọ wá, nǹkan kan ò ṣe wá. Mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo bú Bámiṣẹ́, mo bú ọ̀nà, mo bú àwọn tó ṣe táyà. Sàrátù ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò mí.

"Ta ló ní kí wọ́n fi táyà yẹn síbẹ̀?" ló béèrè.

Mo kúnlẹ̀ wò ó, bí ẹni pé mi ò gbọ́. Táyà ẹ̀yìn kì í yí sọ́tùn-ún sósì, kó fẹ̀ bó ṣe wù ú. Ti iwájú ló ń yí, ó nílò àyè, páànù tó bò ó ló sì ti ń gé e jẹ láti Ìgbó-Ọrà.

"Èmi ni," ni mo wí. "Ṣàkírát kìlọ̀ fún mi, mo jágbe mọ́ ọn. Èmi ni mo jẹ̀bi. Díẹ̀ ló kù kí n pa ọ́."

Sàrátù bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà tó bẹ́ náà.

"Mo ti pinnu láti ilé pé rárá ni màá sọ fún yín," ló wí. "Èmi àti olóògbé ọkọ mi jọ pẹ́ kó tó kú, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé òun ló jẹ̀bi. Wọ́n sì ní bákan náà lẹ̀yin náà rí." Ó nu ojú. "Ẹ tún un wí."

"Èmi ni mo jẹ̀bi, Sàrátù."

Ó dá ọlọ́kadà kan dúró, ó gùn ún. "Mò ń lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ mi ní Sátidé tó ń bọ̀," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun ọ̀kadà wá."