Ṣíbí Ọwọ́ Bàbá Káfíńtà

…àbí kí n sọ pé bàbá fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí ṣíbí? Rárá. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó rí i pé èmi ni mo fi sí i lọ́wọ́ kó tó kẹ̀yìn sí wa, tó ń ká aṣọ.

Wọ́n ní kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà mẹ́tírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, títí dókítà á fi yẹ àyà bàbá wò tán. Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánwò mi. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù yìí kí wọ́n tó gbà pé èmi náà lè ṣèdánwò olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí mẹ́tírọ́ọ̀nù bá yọ orúkọ mi lónìí — ó parí. Ọjọ́ orí mi ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọbẹ̀ olómi lásán. Ó pá a lórí, ètè rẹ̀ dúdú… Ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá, iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún lẹ gbé lé bàbá mi lọ́wọ́ yẹn?"

Iṣẹ́ mi. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ẹ fẹ́ máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló rọ, tòsì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ìwé tí mò ń kà fún ìdánwò: nọ́ọ̀sì àgbà kan kọ ọ́ pé ohun tí aláìsàn ìbá fúnra rẹ̀ ṣe, ká ní agbára wà, ni ká bá a ṣe, kó lè tètè dá a ṣe. Mo ti há a sórí. Bí mẹ́tírọ́ọ̀nù bá bi mí, màá kà á —

Á ní, "Ìyá Oníwèé, ta ló bi yín?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní bẹ́ẹ̀dì títẹ́. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ di dókítà kí n tó kú ni.

Ẹ máa rín in. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ìwé yẹn tí wọ́n kọ̀ pé àwọn ò gbà ní nọ́ọ̀sì ogun. Ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ, ó tọ́jú àwọn ọmọ ogun. Ṣé oúnjẹ pá ẹnikẹ́ni lórí lọ́wọ́ tiẹ̀? Ìwé kì í kọ ìyẹn.

Bàbá ṣì ń wúkọ́. Mò ń gbọ́ ọ láti ibí. Ẹni tó ń wúkọ́ ń mí.

Mo gbé e jókòó. Mo fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ṣíbí kìíní, ó gbé e mì. Èkejì, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀kẹta… ẹ̀kẹta ńkọ́? Ṣé ó kún jù? Ṣé ó ti gbé èkejì mì? Mi ò rí i. Kí ló dé tí mi ò rí i? Ikọ́ ni mo gbọ́.

Ìwé wà lórí itan mi nígbà náà. Mò ń kà nípa nọ́ọ̀sì ayé àtijọ́ tó máa ń gbé àtùpà yí wọ́ọ̀dù ká lóru, tó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, tó ní ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún nọ́ọ̀sì ni bí a ṣe ń fojú ṣọ́ aláìsàn. Èyí ni mò ń kà. Bí a ṣe ń fojú ṣọ́ aláìsàn — tí aláìsàn wà níwájú mi.

Látàárọ̀ ni mo ti ń gbèjà nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ ọ́ pé kí aláìsàn lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án.

Ilẹ̀kùn ṣí. "Ìyá, ẹ wọlé." Kò sẹ́ni tó rí i pé ìwé ni mò ń kà. Bí mo bá panu mọ́, wọ́n á bi mí lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ni ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù fún nọ́ọ̀sì, màá kọ ọ́ láìṣì í, yóò sì jẹ́ irọ́.

Mo dìde, mo gbé ìwé náà dání.