Bàbá Mi Gba Takumi Lálejò

Ọkọ̀ ojú irin náà dúró láàárín òkun, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Omi náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi tí wọ́n gbé ka iná fún ọmọ ìkókó. Òjò dídì ń rọ̀ sórí rẹ̀. Àga onígi kan bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń sọ pé kí n yára, pé wọ́n ti ń retí mi. Mo dá a lóhùn pé mo mọ ọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àríwá ilẹ̀ Jàpáànù ni, ìlú kékeré tí wọ́n bí Takumi sí, níbi tí mo ti kọ́ nípa ọ̀sìn ẹja, tí mo sì ti rí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Takumi ti kú. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ọkọ̀ náà nìkan ló padà. Nígbà náà, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a ó fi wá sí Ìlá, kí ó lè wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Mo rántí gbogbo èyí bí mo ṣe ń la omi náà kọjá, kò sì dá ẹsẹ̀ mi dúró.

Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Èdè Yorùbá ló fi kí mi, ó ń sọ ọ́ bí ará Ìlá gan-an, kò sì yà mí lẹ́nu. Kí n tó bọ́ bàtà mi tán, ó ti fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní Takumi wà nínú ilé. Ó ní ojoojúmọ́ ló ń wọlé láti etí òkun, tó ń jókòó, tó ń jẹ ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ti kú, kò sì sí ẹni tó sọ fún un.

"Má sọ fún un, Ìbídùn," ló wí. "Bó bá mọ̀, á lọ ni."

N kò ṣèlérí. Mo ní kí n kọ́kọ́ fojú kàn án ná.

Mo gba ilé ìdáná kọjá. Kẹ́tù tó wà lórí iná ń ka orúkọ gbogbo ẹja inú òkun pẹ̀lú sùúrù, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ìyá Takumi, tí mo máa ń pè ní Màmá, ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó yẹ kó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo bá ara mi ní pálọ̀ bàbá mi ní Ìlá.

Kọ́tìnì aláwọ̀ ewé náà ṣì wà níbẹ̀, maṣíìnì ìránṣọ náà ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé. Òjò dídì ń rọ̀ níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í dé ilẹ̀. Ó ń dúró sójú òfurufú ní ọgbọọgba orí wa, ọwọ́ la fi ń tì í sápá kan ká tó lè rí ara wa.

Bàbá mi jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó fi tépù rẹ̀ kọ́ ọrùn. Télọ̀ ni. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú Takumi ni òun náà jáde láyé; àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn rí. Bàbá mi ní tirẹ̀ mọ̀ pé òun ti kú. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Takumi wà níwájú rẹ̀ lórí ẹní, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí eyín iwájú rẹ̀ méjì tó gun ara wọn. Kò fi ọjọ́ kan dàgbà sí i. Èmi ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàtà rọ́bà gígùn tí àwọn apẹja máa ń wọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Takumi kì í wọ bàtà wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n má bínú, pé òun ti fà á títí, kò bọ́.

Bàbá mi fọwọ́ tọ́ etí ṣòkòtò Takumi wò, ó ní ẹni tó rán an mọṣẹ́. Ó bi í léèrè àwọn èèyàn rẹ̀, ó bi í léèrè bóyá yóò máa jẹ́ kí n wá kí àwọn ará ilé. Takumi dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi aṣọ rẹ̀ sì ṣàn gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Màmá wọlé pẹ̀lú àwo ìrẹsì, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

Bàbá mi wá kọjú sí mi. "Ìbídùn, ọkùnrin yìí ní òun fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Kí lo wí?"

Maṣíìnì ìránṣọ náà rọra sọ pé bí mo bá gbà tí mo sì dákẹ́, ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé yóò di ògiri. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń dẹ́rù bani. Mo wẹ̀yìn wò. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà ti ń di símẹ́ńtì. Kò bà mí lẹ́rù. Mo lè gbé inú pálọ̀ yẹn láéláé pẹ̀lú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo rí Takumi bó ṣe ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà lábẹ́ ara rẹ̀, tó tún ń yí i padà, bí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀ tó ń tijú láti wí lójú àna. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Mo ní, "Mo fẹ́ ẹ, Bàámi. Ṣùgbọ́n Takumi, o ti kú."

Màmá jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Takumi wo bàtà rẹ̀.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ló wí. "Omi inú rẹ̀ kì í gbẹ."

Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lòun fẹ́ máa gbọ́, Takumi ní òun mọ̀. Ó fi orí lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, obìnrin náà sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu irun tí kò lè gbẹ. Takumi ní kí n sọ bí òun ṣe rí nígbà tí òun wà láyé, nítorí omi ti ń gba ìrántí rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Mo sọ ọ́. Mo ní ó máa ń fi iyọ̀ jẹ ìbẹ́pẹ. Mo ní ó máa ń kọrin nígbà tó bá ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, orin náà kì í sì í lọ déédéé. Mo ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ràn mi, ẹja ló ń wò, kì í ṣe èmi. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò mọ ti ìbẹ́pẹ yẹn rí. Ó ní kí n sọ sí i. Mo ń sọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, òun tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀ rárá lọ́jọ́ tí a ṣe òkú láìrí òkú. Ẹkún náà dára. Nígbà tó fi máa tán, bàtà náà ti bọ́ fúnra rẹ̀.

Bàbá mi dìde, ó wọn èjìká Takumi, ó wọn apá rẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Aṣọ gbígbẹ lo nílò," ló wí. "Máa bá mi kálọ. Mo mọ ọ̀nà, àna mi sì ni ọ́."

Ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n gba ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ sínú oòrùn ọ̀sán. Takumi kò wẹ̀yìn. Inú mi dùn pé kò wẹ̀yìn.

Èmi àti Màmá jẹ ìrẹsì náà tán. Ó ní kí a jáde síta; ilẹ̀kùn náà kò di ògiri mọ́, a sì gba ibẹ̀ jáde. Lórí òrùlé ilé tó kọjú sí wa, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń kó ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tó bà sórí páànù sínú agbọ̀n. Ó ní kí n wá bá òun di etí kan agbọ̀n náà mú. Mo gun òkè lọ, mo dì í mú. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn.