Ẹni Mélòó Ló Ń Tọ́jú Ìwé?

Láti àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni Fàthíà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ò ti lè fìdí kalẹ̀. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ọdún 2018 ni. Ẹgbẹ́ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ní Ìgàndò ti ní kó wá sọ blockchain, ìwé orí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń tọ́jú, tó yẹ káwọn máa kọ orúkọ àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i yí mọ́.

Méjì ló dán wò. Àkọ́kọ́ ń falẹ̀: bí èrò bá pọ̀ níbẹ̀, orúkọ kan lè gba ogójì ìṣẹ́jú kó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Èkejì, kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé. Àwọn mọ́kànlélógún péré ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó yára ló gbé lọ sípàdé. Ta ló fẹ́ dúró níwájú àádọ́ta wẹ́dà kí nǹkan má ṣiṣẹ́?

Ó tẹ orúkọ kan, ó wọlé wéré. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alhaji Jàfárù, alága ẹgbẹ́, ti ń rẹ́rìn-ín. Ni ọkùnrin kan bá dìde lẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹni mélòó ló ń tọ́jú ìwé ọ̀hún?"

"Mọ́kànlélógún ni, sà."

"Bí wọ́n bá fẹnu kò, ṣé wọ́n lè yọ orúkọ èèyàn?"

Ìbéèrè tí Fàthíà ti ń sá fún láti àárọ̀ nìyẹn.

"Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn bá fẹnu kò, wọ́n lè ṣe é, sà."

Táyéwò lorúkọ ọkùnrin náà. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé nígbà kan, ẹni mẹ́ta ló ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́, tí méjì fẹnu kò, tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi jà kí wọ́n tó dá a padà.

"Èyí tó kù ńkọ́?" Alhaji bi Fàthíà.

"Ó ń falẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ pọ̀ ju ohun tẹ́nì kan lè kó jọ láti gbìmọ̀ ìkà."

"Kọ orúkọ mi sí i," ni Táyéwò wí.

Fàthíà kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò wọlé. Ogún. Àwọn kan pòṣé, wọ́n jáde. Fàthíà ń fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ń tẹ bọ́tìnnì kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀.

"Fara balẹ̀, jàre," Táyéwò wí, ó fa àga, ó jókòó tì í.

Wọ́n ti ń to àga jọ kí orúkọ náà tó wọlé. Táyéwò kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Alhaji ní èyí làwọn mú.

Irinwó orúkọ ló kù tí Fàthíà máa kọ. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ìkòtún, Fàthíà ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ. Ó ń rò ó bóyá èèyàn lè di ogójì orúkọ pọ̀, kó fi wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.