Jẹnẹrétọ̀ tí N Kò Gbé Ẹrù Lé

Ìlà kan péré ló kù nínú fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ jẹnẹrétọ̀ tó kú lánàá yìí. Kí ló fà á? Kí ló fà á… wọ́n bèèrè rẹ̀ bí ẹni pé kò le. Ọ̀gá Akínrẹ̀mí ti dáhùn kí n tó jókòó: "Àsmá'ù, kọ ọ́ pé omi wà nínú dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń lò. Àwọn oníbàárà ń retí ìwé yẹn kí aago méjì tó lù." Omi nínú dísù. Ìyẹn ni pé Timothy ló fà á, torí Timothy ló ń gbé dísù wá fún wa. Bí mo bá kọ ọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Omi kankan ò sì sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo bù ú wò láàárọ̀. Ó mọ́ kedere.

Lánàá, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án gangan. Jẹnẹrétọ̀ tan bó ṣe máa ń tan, mo tiẹ̀ ń yangàn. Àfi ìgbà tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé yìí àti ẹ̀rọ amúlétutù jọ gbára lé e — ó wúkọ́, ó rú èéfín dúdú, ó kú. Bátìrì gbé wa fún ogún ìṣẹ́jú, òun náà kú. Gbogbo ilé ìwòsàn tó ń fi àkọsílẹ̀ aláìsàn wọn pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà wa, láti Láfẹ́nwá dé Ọ̀fàdà, odindi wákàtí mẹ́ta ni wọn ò fi rí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo sì dán an wò. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mo máa ń dán an wò. Màá tan án, màá jẹ́ kó kùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá pa á, màá kọ "ó dára." Ọdún méjì gbáko. Ẹrù ńkọ́, àwọn kọ̀ǹpútà àti amúlétutù tó yẹ kó gbé? Mi ò gbé ẹrù lé e rí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ní ká máa gbé e lé e lóṣooṣù… ṣùgbọ́n tó bá wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń kùn láìgbé nǹkan kan, ta ni yóò mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá?

Bàbá mi… rárá. Mi ò fẹ́ ronú kan Bàbá níbí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí a sin wọ́n — fọ́ọ̀mù, Àsmá'ù, fọ́ọ̀mù.

"Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ara le?"

"Alhamdulillahi. A dúpẹ́."

Àràárọ̀ ni mo máa ń pè wọ́n báyìí nígbà ayé wọn, lórí fóònù, kí n tó wọṣẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí pé mi ò gbàgbé bàbá mi. Àfi Ìyá mi, lọ́jọ́ kẹjọ tí a sin Bàbá, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti lọ. Ohùn wọn ò tiẹ̀ le: "Odindi oṣù mẹ́rin kí bàbá rẹ tó lọ ni wọ́n fi ń dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gun òkè dé mọ́ṣáláṣí. O bi wọ́n pé ṣé ara le, wọ́n ní a dúpẹ́. Kí lo tún fẹ́ kí wọ́n sọ?"

Ta ló ń dáhùn ìkíni pé ara òun ò le? Ká ní mo sọ pé, Bàbá, ẹ fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi l'Ádigbẹ, ǹ bá ti rí i pé ara wọn ò gbé e… mi ò sọ ọ́. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Àìsàn ló ṣeé wò, a ò rí tọlọ́jọ́ ṣe. Báyìí ni wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Àìsàn ọ̀hún ńkọ́? Ta ló wò ó? Mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí mi pé mi ò mọ̀, mi ò mọ̀…

Lẹ́yìn "a dúpẹ́" yẹn, Bàbá kì í pa fóònù. Wọ́n máa ń dúró díẹ̀. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí, kúkúrú, kúkúrú, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Mo máa ń gbọ́ ọ. Èmi ni mo máa ń yára pa á.

Omijé ti kán sórí fọ́ọ̀mù. Kò burú. Mo nù ún, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sí ìlà tó kù: Èmi ni. N kò gbé ẹrù lé e, torí n kò fẹ́ mọ̀.