Ẹ Má Fún Mi Lóògùn Oorun

"Ta ni yóò mú yín délé?" nọ́ọ̀sì náà bi í, bírò rẹ̀ ti wà lórí ìwé.

Aránṣọ náà ti bọ́ aṣọ tirẹ̀, ó ti ká a sórí àga, etí kan etí, bí ó ti máa ń ká aṣọ oníbàárà. Ẹ̀wù ọsibítù ló wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, èyí tí wọ́n fi okùn méjì so lẹ́yìn. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ni, wọ́n wà níta.

Obìnrin náà wà níta lóòótọ́, àmọ́ kò jókòó mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti fẹ́ tọ́jú ìyàwó àbúrò rẹ̀: ilẹ̀kùn irin tó nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí gílóòbù pupa wà lókè rẹ̀. Ó ti bi ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ pé kí ni gílóòbù yẹn wà fún. Ọkùnrin náà dá a lóhùn láìro ibi kankan pé bó bá ti tàn, gbogbo ènìyàn ní í jáde, títí kan dókítà, a wá ku aláìsàn nìkan nínú yàrá. Ìdáhùn yẹn ló gbé e nídìí lórí bẹ́ńṣì. Ó lọ dúró sí ìdí fèrèsé lọ́hùn-ún, bí ẹni tó gbóòórùn èéfín.

Ìyá Má-ṣe-é ni ẹbí ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ìmọ̀ràn tí kì í fi "má ṣe é" bẹ̀rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ nìkan, ọkọ aránṣọ, ló lè pè é bẹ́ẹ̀ lójú kó sì rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹta rèé tí àbúrò ti ṣaláìsí. Kò sí ẹni tó ń fi orúkọ náà pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Nọ́ọ̀sì pè é pé kó wá fọwọ́ sí i pé òun ni yóò mú aláìsàn délé, nítorí oògùn oorun tí wọ́n fẹ́ fún un kì í tètè dá lójú ẹni. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i," ló wí. "Ìyàwó wa, dìde, wọ aṣọ rẹ ká máa lọ. Bí àwọn tó ni iná bá ń sá fún iná, kí ni tiwa níbẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn wà nídìí iṣẹ́ náà, àti pé bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti pé, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa àrùn náà ti padà sínú àpótí rẹ̀, kò sí èyí tó ń bá aláìsàn lọ sílé. Etí ọ̀tún ló gbà wọlé, etí òsì ló gbà jáde. Ohun tó wà nínú obìnrin náà gan-an ló tú síta: oṣù yìí ni ọmọ àbúrò òun máa bímọ, oyún àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun sì ń gbé láti máa tọ́jú rẹ̀.

"Bí o bá wọ yàrá yẹn lónìí, o ò ní fẹsẹ̀ kan ilé ọmọ yẹn títí yóò fi bímọ. O ò sì ní gbé ọmọ náà. Mi ò lè wà níbẹ̀ kí o gbé iná pọn ọmọ tuntun."

Aránṣọ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Lánàá ni ọmọ rẹ̀ sunkún lórí fóònù pé òun ló yẹ kó sin ìyá òun lọ, àmọ́ Àǹtí Àgbà, bí ó ti ń pe Ìyá Má-ṣe-é, ní aboyún ò gbọdọ̀ dé irú ibẹ̀. Ọmọ náà ò mọ bí a ti ń kọ̀ fún àgbà. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn ni ẹ̀jẹ̀ tó ti dá lára aránṣọ láti ọdún mẹ́fà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń ta ìtànṣán sí i láti ìta. Dókítà ní ìyẹn ti mú kí nǹkan náà súnkì, àmọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe láti inú ni yóò fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ó ti ṣe méjì, aládùúgbò kan tó ti rìnrìn àjò báyìí ló sì sìn ín lọ, kí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, dókítà sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé àyè kò sí mọ́: bí wọ́n bá tún jẹ́ kó pẹ́, ohun tó ṣẹ́kù yóò gba agbára.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ níkẹyìn, "abẹ́rẹ́ ni nǹkan yìí. Ó ń wọlé, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jáde. Ṣé ẹ ti rí mi rí kí n ran aṣọ kí n fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ sínú rẹ̀ fún oníbàárà?"

"O fi sílẹ̀ sínú kóòtù ọkọ mi. Ó gún un ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Nọ́ọ̀sì tẹrí ba, ó ń wo ìwé tí kò ní ohun tuntun nínú.

"Píìnì ni ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ wá gbé kóòtù lọ kí n tó parí rẹ̀. Ohun tí ẹ sì tún fẹ́ ṣe lónìí náà nìyẹn."

Ìyá Má-ṣe-é pòṣé. Ó ní òun ti sọ tòun, òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì gbé bírò kalẹ̀. Ó káàánú rẹ̀ lóòótọ́. Ó ní òfin ni, torí pé aláìsàn kan ti dá lọ rí tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí gbogbo àyè ọ̀sẹ̀ yìí ti kún.

Aránṣọ na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

"Èwo ló ń béèrè ẹni tó máa múni délé nínú méjèèjì, ìtànṣán ni àbí oògùn oorun?"

"Oògùn oorun ni, mà."

"Ẹ má fún mi lóògùn oorun."

Wọ́n pe dókítà. Obìnrin ni, kò lè fi ọdún púpọ̀ ju ọmọ aránṣọ lọ. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sì sọ ohun gbogbo fún un bí ó ti rí: ọ̀pá irin tín-ín-rín tó ní ihò nínú, tí yóò gba ojú ara wọ inú ilé-ọmọ, méjì mìíràn tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báńdéèjì tí wọn yóò kì mọ́ ọn kó má bàa yẹ̀. Ó ní àwọn kan ń ṣe é lójú fífò, àmọ́ kì í ṣe nǹkan eré.

"Mà, ó máa dùn yín."

"Ó ti ń dùn mí kí n tó mọ ọ̀nà ibí, dókítà."

Wọ́n fẹnu kò sí i pé wọn yóò fún un ní oògùn apàrora àti abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú, pé bó bá ní kí wọ́n dúró, wọn yóò dúró, àti pé yóò sinmi fún wákàtí kan kó tó dá lọ. Aránṣọ mú bírò, ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Ó dùn ún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò dùn ún, irọ́ ló ń pa. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú, òógùn bo imú rẹ̀. Dókítà ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, òun náà sì ń dáhùn pé òun gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń ki báńdéèjì, omi bọ́ lójú rẹ̀ wọ etí, àmọ́ kò sọ pé kí wọ́n dúró. Nígbà méjì àkọ́kọ́, oorun ló sùn, bí ẹrù tí wọ́n gbé wọlé tí wọ́n gbé jáde. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ láìmira fún wákàtí kan ó lé, wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀, ọkùnrin kan tó fi gíláàsì sójú sì jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣírò ibi tí ìtànṣán yóò dúró àti iye ìṣẹ́jú tí yóò lò.

Wọ́n so àwọn ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn pa dé.

Ohùn kan jáde láti ara ògiri pé ṣé ó ń gbọ́ àwọn. Ó ní òun ń gbọ́. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ yí díẹ̀díẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé ohun tó ń wọlé náà ò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Ó ro ọkọ rẹ̀. Ó ro àwọn ọmọ mẹ́ta tó gba ọ̀nà yìí wá sáyé. Lẹ́yìn náà ó yanu, ó sì bá ohun tó wà nínú rẹ̀ wí.

"Ilé tí mo ti bí ọmọ mẹ́ta ni o wá kó sí láìtọrọ àyè. O ò san kọ́bọ̀. Jáde."

Ó ti gbàgbé pé wọ́n ń gbọ́ ọ níta. Ọkùnrin onígíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó ti ń sún mọ́ yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan láìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì di ara ilẹ̀kùn mú.

Bí iná pupa ti kú, ọkùnrin náà gbé àpótí kékeré tí wọ́n fi ń wá ìtànṣán wọlé, ó fi yẹ gbogbo yàrá wò, ó fi yẹ ara aránṣọ wò. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n yọ àwọn ọ̀pá, wọ́n bò ó, ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹ̀gbọ́n òun. Ọkùnrin náà gbé àpótí sí àyà aránṣọ, ó ka nọ́ńbà sókè. Ó gbé e sí àyà Ìyá Má-ṣe-é, ó tún kà á. Ọgbọọgba ni.

"Ẹ̀rọ máa ń purọ́," ìyá náà wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò le mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó wo nọ́ọ̀sì. "Ìwé yẹn dà? Ẹ mú un wá kí n fọwọ́ sí i."

"A ò nílò rẹ̀ mọ́, mà. Ìyàwó yín ti fọwọ́ sí i fúnra wọn."

Nígbà tí wákàtí ìsinmi pé, aránṣọ wọ aṣọ rẹ̀, ó di ògiri mú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbà á dúró. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti ṣe tán, ó ku ẹ̀ẹ̀kan, òun sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà láti ọsibítù. Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi í pé kí ni Àǹtí Àgbà wí.

Aránṣọ kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ìró bàtà ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń wọ́ ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Mi ò tíì bi wọ́n," ó wí. "Ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ dè mí."