Ta Ló Ní Kó Dìde?

Àyà Ọládọ̀tun ti kan símẹ́ńtì kó tó rántí pé òun ò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Gbọ̀ngán ìlú tí wọ́n wà, ní abúlé kan lẹ́yìn Elelenwo, létí Port Harcourt, pa rọ́rọ́. Àwọn obìnrin tó ń fi ìwé àdéhùn fẹ́ra dáwọ́ dúró. Elder Chinda, olórí àwọn àgbà ìlú, ẹni tí Ọládọ̀tun dọ̀bálẹ̀ fún, sún àga rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́sẹ̀.

"Ah-ah! Wetin una do?" ni bàbá náà béèrè. "Una never start work, una don dey beg?"

Ariwo ta. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ẹni tí kò bá ṣẹ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn ní ó dájú pé nǹkan ti jò, wọ́n kàn ń fi í pa mọ́ ni. Ọládọ̀tun fò dìde, ó ń gbọn eruku kúrò láyà kóòtù, ojú sì ń tì í gan-an.

Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé ní Port Harcourt, kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ ló fà á. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ló pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí Ọládọ̀tun ń fi omi ṣan èédú èéfín tó bà sórí mọ́tò rẹ̀ lóru nílé rẹ̀ ní Eliozu. "Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà," ni Ọládọ̀tun wí, rọ́bà omi lọ́wọ́. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ìdọ̀bálẹ̀ wo? Ṣebí omi ni mò ń gbọ́ yìí. Fóònù ti sọ gbogbo yín di ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ lóòró!" Àwàdà ni, àmọ́ ó dùn ún wọra. Ìgbà tó wá dé gbọ̀ngán, tó rí bàbá mìíràn tó wúkọ́ díẹ̀ kó tó jókòó, gẹ́lẹ́ bíi bàbá tirẹ̀, ara rẹ̀ ò bi í léèrè kó tó lọ sílẹ̀.

Alhaji Misbaudeen, ọ̀gá rẹ̀ tó ń bójú tó ètò owó ilé-iṣẹ́ wọn, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "O ti bà á jẹ́ fún wa," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin!"

Alhaji ò sọ àsọdùn. Èéfín ilé-iṣẹ́ gáàsì tó wà nítòsí ni wọ́n fẹ́ máa mú kó tó dé ojú ọ̀run, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí wọ́n sì rọ ọ́ padà sínú ilẹ̀, sínú kànga epo àtijọ́ kan tí epo rẹ̀ ti tán. Àwọn ará òkèèrè ṣetán láti sanwó fún èéfín tí ẹlòmíràn bá bá wọn gbé pamọ́. Ṣùgbọ́n ìlú gbọ́dọ̀ gbà, òní sì ni wọ́n máa fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, àwọn ayánilówó á gba ibòmíràn lọ, àdéhùn tí Ọládọ̀tun ti ń kọ láti ọdún mẹ́rin á sì di ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà.

"No be beg I dey beg, sir," ó yára ṣàlàyé. "Na so we dey greet papa for my side."

Ẹ̀rín sọ. Elder Chinda rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Madam Worlu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni olórí àwọn obìnrin ìlú.

"When you lie down so," ó béèrè, "who dey tell you make you stand?"

"Na the papa, ma."

"So who tell you just now?"

Ọládọ̀tun tún gbọn kóòtù rẹ̀. "Nobody, ma. I just stand."

Gbọ̀ngán tún hó. Ìyá náà dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó wá ṣí ìwé àdéhùn náà, ó fìka lé ibì kan. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá dí kànga náà pa, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ti kúrò níbẹ̀, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn di ti ìjọba. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga yẹn náà kí ìlú dáadáa nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n lọ, ìlú ò sì rí wọn mọ́. Ó ní àwọn ti ìsinsìnyí tiẹ̀ ti kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dìde sínú ìwé kí wọ́n tó kí ìlú.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ọládọ̀tun mọ ojú ìwé yẹn dáadáa. Òun ló kọ ọ́, kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí.

"Má dá a lóhùn," ni Alhaji wí. "Kò sí báǹkì tó máa yáni lówó lórí ẹrù tí a ò mọ ọjọ́ tí a máa sọ̀ ọ́."

Àfi bí ayọ̀ kan ṣe ṣàdédé rú sókè nínú Ọládọ̀tun. "Alhaji, ẹ ti rí àgbà tó fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú rí? Wọ́n máa ń ní ká dìde! Ẹ jẹ́ ká yọ ogún ọdún yẹn kúrò. Kí ìlú yan onímọ̀ tiwọn, kí a jọ máa yẹ kànga náà wò. Ọjọ́ tí gbogbo wa bá rí i pé èéfín náà ti fìdí kalẹ̀, tí kò rìn, tí kò jò, kí wọ́n ní ká dìde. Bí a bá ṣiṣẹ́ náà dáadáa, ó lè máà tó ogún ọdún. Ẹni tó bá ṣe é jákujàku ló máa pẹ́ nílẹ̀."

Ètè Alhaji ń mì, ó ń ṣírò. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ni pé èrè ń bẹ nínú kéèyàn ṣe é dáadáa." Ó mú fóònù, ó jáde. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wò ó lábẹ́ igi máńgòrò, tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ń rí i. Ó wọlé padà, òógùn bò ó, ẹ̀rín ò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn ayánilówó gbà, bí wọ́n bá ti lè kọ àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe sínú ìwé yékéyéké.

Ọládọ̀tun kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn náà, Madam Worlu sì ní kí wọ́n kà á sétí òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí sí Elder Chinda. Bàbá bi gbọ̀ngán léèrè, wọ́n sì pariwo pé àwọn gbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ fi fò kúrò lórí páànù.

"My pikin," ni Elder Chinda pe Ọládọ̀tun. "That your greeting never finish. Oya, go down."

Ọládọ̀tun lọ sílẹ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, tayọ̀tayọ̀. Alhaji wò ó, ó ṣí fìlà rẹ̀, òun náà rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ikùn rẹ̀ ṣe gbà á láyè. Ariwo ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé.

"Stand up," ni bàbá wí nígbà tó wù ú. "Only two of you o. Company still dey ground."

Nírọ̀lẹ́, ní Eliozu, Ọládọ̀tun pe bàbá rẹ̀. "Mo dọ̀bálẹ̀ o, sà."

Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó wá tẹ́tí sílẹ̀. "N ò gbọ́ omi lónìí."

"Ilẹ̀ ni mo wà, sà."

Oríkì ni Bàbá bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lé òmíràn, àwọn tí Ọládọ̀tun ò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ilẹ̀ tútù lábẹ́ àyà rẹ̀, egungun ìhà ti ń dùn ún. Bàbá ò rántí sọ pé kó dìde.

Ọládọ̀tun gbé fóònù sí etí kejì. Kò rán an létí.