Ọgbẹ́ Ìka Àpìkẹ́

Ta ní ń fọ́ kòkó tí kì í gbọgbẹ́ lọ́wọ́? Bí àdá kò bá gé èèyàn níka, èèpo kòkó yóò ha á. Gbogbo ará abúlé tó yí Iléṣà ká ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ògúnrìndé náà mọ̀ ọ́n, ohun tó mọ̀ yìí gan-an ló sì ṣì í lọ́nà.

Pọ́ǹpù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó ni Ògúnrìndé ń tún ṣe. Kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ń tú u, ó ń tò ó, títí ó fi yé e. Lọ́dún kan tí Àpìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi àdá gé ara rẹ̀ níka, tí abíyá rẹ̀ wú, tó ń ro ó bí eéwo, òun ló ṣàlàyé fún un.

"Asẹ́ ló wà níbẹ̀," ó wí, ó gbé asẹ́ pọ́ǹpù kan sókè. "Ìdọ̀tí tó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, abíyá ló ń dá a dúró. Bí ọgbẹ́ bá ti jinná, á rọlẹ̀."

"Dókítà pọ́ǹpù!" Àpìkẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ jinná lóòótọ́, abíyá sì rọlẹ̀. Inú Ògúnrìndé dùn sí ara rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà ìkórè èṣí, Àpìkẹ́ ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan lábíyá òsì. Kò dùn ún. Ó le bí èkùrọ́, kò sì yẹ̀ nígbà tó tì í.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Ògúnrìndé kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ ló gbá mú, ó ń yí àwọn ìka rẹ̀ wò títí ó fi rí ibi tí èèpo kòkó ti ha á.

"Òun nìyí! Mo ṣáà ti sọ fún ọ."

Wọ́n fọ́ kòkó tán. Ìka jinná. Kókó abíyá kò lọ. Ṣèyífúnmi, ọmọ wọn tó ń kàwé ní Ẹ̀sà-Òkè, wálé, ó sì gbọ́ sí i.

"Bàbá mi, wọ́n ní kókó tí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kéèyàn lọ fi han dókítà. Pàápàá èyí tí kò dunni."

"Èyí tí kò dunni?" Ògúnrìndé rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í ṣe èyí tó ń dunni ló yẹ ká sáré sí? Jẹ́ kí ìyá rẹ sinmi oko ná."

Àpìkẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ti tọ̀nà rí. Ó gbà á gbọ́.

Nígbà tí òjò tuntun fi bẹ̀rẹ̀, kókó náà ti ń tó ẹyin adìẹ, awọ ọmú òsì sì ti rí págunpàgun bí èèpo ọsàn. Ṣèyífúnmi kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mú ìyá rẹ̀ wọ mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Ògúnrìndé tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì ní kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì.

"Jẹjẹrẹ ọmú ni," obìnrin dókítà náà wí lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé. "Ó ti rìn dé abíyá."

Ògúnrìndé fún ọwọ́ méjèèjì pọ̀. "Dókítà, ṣé abíyá kì í ṣe asẹ́ ni?"

"Asẹ́ ni, bàbá. Ẹ kò ṣìnà níbẹ̀. Ọgbẹ́ ọwọ́ lè mú un wú. Eéwo lè mú un wú, kódà fífá irun ibẹ̀ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń ti ọmú bọ̀, asẹ́ yẹn kan náà ló ń há sí. Èyí tó bá le, tí kò dunni, tó ń tóbi sí i, a kì í dúró wò ó."

"Ká ní a ti tètè wá ńkọ́?"

Dókítà ṣí ìwé iwájú rẹ̀. "Ìtọ́jú ṣì wà, a ó sì ṣe é. Ì bá rọrùn ju báyìí lọ."

Ògúnrìndé rántí gbogbo àgbẹ̀ tó ti gbé pọ́ǹpù dídí wá bá a. "Nígbà tí asẹ́ dí, kí lẹ rò pé ó ń sọ fún yín?" Bó ṣe máa ń jágbe mọ́ wọn nìyẹn.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wọn padà, Àpìkẹ́ wò ó. "Dókítà pọ́ǹpù." Kò sí yẹ̀yẹ́ nínú ohùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ògúnrìndé gba ọwọ́ òsì rẹ̀, ó ń yí àwọn ìka náà wò. Ó wo èyí, ó wo èyí, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Kí lẹ ń wá?"

Ọgbẹ́ náà ti jinná tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi àpá sílẹ̀. Ògúnrìndé kò tilẹ̀ mọ ìka tó wà mọ́.